Bí Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Gbólóhùn

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó-Èkìtì ṣí ìwé ìdánwò, ó bá gbólóhùn yìí: "When the masquerade came out, the children took to their heels." Bó bá ń tú ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, gìgísẹ̀ ni yóò máa wá kiri. Ṣùgbọ́n kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ná: eégún jáde, ọmọdé rí i. Kí ni ọmọdé ń ṣe? Wọ́n na pápá bora nìyẹn. Nínú tiwa náà, kò sẹ́ni tó fi pápá kankan bora, síbẹ̀ kò sí ọmọ Èkìtì tí kò mọ̀ pé eré ni wọ́n sá.

Odidi ni àkànlò èdè. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ gbé, ohun tó yí i ká ló sì ń tú u. Ìdí nìyẹn tí WAEC fi máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn mu jù lọ. Ìtumọ̀ oréfèé kì í sábà jìnnà sí àwọn ìdáhùn tí wọ́n tò síbẹ̀, òun ló sì ń mú ẹni tó ń kánjú.

Nítorí pé odidi ni, a kì í pààrọ̀ inú rẹ̀ bó ṣe wù wá. "Take" lè di "took", "his" lè di "her", àmọ́ "heels" kò gbọdọ̀ pàdánù "s" ìparí rẹ̀. Èyí tí a ń ṣì lò jù ni "Cut your coat according to your cloth." Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi "size" parí rẹ̀. Bí aṣọ tí o kó fún télọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni kóòtù yóò ṣe tóbi tó. Agbára ẹni ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe bí ara ṣe sanra tó. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń wí.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni mímọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹ. "Kick the bucket" túmọ̀ sí kí èèyàn kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni, kò sì sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀. Ní Èkìtì, ọba kì í kú, wíwàjà ló ń wàjà; àgbàlagbà a papò dà. Ẹni tó mọ èyí kò ní kọ "kick the bucket" sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn láé. "Passed away" ló bá a mu, àwọn oníwèé ìròyìn wa a sì máa kọ "joined his ancestors" fún ọba.

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi àkànlò èdè ṣe gbólóhùn, "He let the cat out of the bag" (ó tú àṣírí) nìkan kò tó. Ológbò gidi lè jáde nínú àpò. Ó yẹ kí àṣírí wà níbẹ̀: "We hid the date of the party from Mama, but Tolú let the cat out of the bag." Olùkọ́ tó ń máàkì ti rí àṣírí, ó ti rí ẹni tí wọ́n fi pamọ́ fún, ó sì ti rí ẹni tó tú u.