Ẹ má gba kásẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́wọ́ afọ́jú

Ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, nílẹ̀ Benin, ló ṣì ní kásẹ́ẹ̀tì nínú àpótí: orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, oríkì ìdílé, ohùn ìyá àgbà tó ti lọ. Bí afọ́jú bá ní òun fẹ́ kó wọn sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ríran." Wọ́n ti rí ìlà tó ń ga tó ń lọ sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì rò pé ìlà yẹn gan-an niṣẹ́ náà. Àwòrán ohùn lásán ni. Etí ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà ńkọ́? NVDA, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ̀rọ̀, ló ń kà á síni létí. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ Faransé fún àwa tá a fi Faransé kàwé. Audacity tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ tẹ R, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀, ó dúró. Ctrl+M ń fi àmì síbi tí orin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn NVDA kò ní dà pọ̀ mọ́ orin, nítorí inú wáyà ni orin ń gbà wọlé láti ihò iapíìsì rédíò.

Ibi tó gba sùúrù ni ìwọ̀n ohùn. Bó bá pọ̀ jù, ohùn á máa ya, kò sì sí àtúnṣe tó lè dá a padà pátápátá. Ẹ wá ibi tí ìlù ti le jù, ẹ gba díẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá lo Find Clipping inú Audacity. Yóò fi àmì síbi tó ya, NVDA á sì kà á. Ẹ dín in kù, ẹ tún un gbà.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó ń wo ìlà lè má mọ̀ rárá: orí tó ń ka téèpù nínú rédíò lè wọ́ díẹ̀, kí olórin máa dún bí ẹni tó faṣọ bo ẹnu. Síkúrù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí náà. Etí la fi ń yí i, díẹ̀díẹ̀, títí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á fi dún gaara.

Àwọn kan tún rò pé ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó. Rárá o. Kásẹ́ẹ̀tì 60 á gba wákàtí kan gbáko, ìṣẹ́jú 30 lójú kọ̀ọ̀kan, fáìlì ohùn rẹ̀ (WAV) á sì tó nǹkan bíi 600 MB. Kẹ́ ẹ tó kì í bọ rédíò, ẹ fọwọ́ wá etí rọ́bà méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹ ṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. Èyí tó bá ti bu, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ láìtíì nù ún; á ba orí rédíò jẹ́.

Ojú wúlò fún kíka ohun tí wọ́n fi bírò kọ sára kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ọmọ kan kà á fún yín, kẹ́ ẹ fi ṣe orúkọ fáìlì náà.