Bí nǹkan tó ń hó nínú èèpo igi ṣe dé inú abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà

Ẹni tó bá ti fọ ewúro rí ti fojú ara ẹ̀ rí nǹkan tá a fẹ́ sọ yìí. Wọ́n á já ewé sínú abọ́, wọ́n á bu omi lé e, wọ́n á máa gbo ó, ká tó wí ká tó fọ̀ ìhó ti gba ojú abọ́ bí ẹni pé wọ́n da Omo sí i, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fi ọṣẹ kankan kàn án. Inú ewé yẹn fúnra ẹ̀ ni nǹkan tó ń hó wà, saponin làwọn oníkẹ́mísírì ń pè é. Kò jọ ti ọṣẹ dúdú o, torí eérú àti àdín ni wọ́n sè pọ̀ tó fi di ọṣẹ, saponin ò nílò ká sè é rárá, bó ṣe wà lára igi ló ṣe máa ń hó.

Ewé àti igi tó ní saponin pọ̀ láyé yìí, àmọ́ igi kan wà ní ilẹ̀ Chile tí tiẹ̀ yàtọ̀, Quillaja saponaria lorúkọ ẹ̀. Èèpo ẹ̀ làwọn Mapuche, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń fi fọṣọ tí wọ́n fi ń fọrí láti ayébáyé. Lónìí, nǹkan tí wọ́n yọ nínú èèpo yẹn ló wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà méjèèjì tí àjọ WHO fọwọ́ sí, ìyẹn RTS,S ní 2021 àti R21 ní 2023. Kí wá ni nǹkan ìfọṣọ ń wá nínú abẹ́rẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún?

Ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀fọn. Tí abo ẹ̀fọn Anopheles tó ní kòkòrò ibà nínú bá jẹ èèyàn, díẹ̀ báyìí ni kòkòrò tó máa tu sábẹ́ awọ, wọn kì í sábà pọ̀. Àwọn yẹn á wá iṣan ẹ̀jẹ̀ kiri, wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á sì di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gbogbo àsìkò yẹn ara onítọ̀hún le koko, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Ìgbà tí wọ́n bá tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí wọ́n ń bẹ́ ẹ ni ara tó máa gbóná tí òtútù á máa mú un. Torí náà ọjọ́ tí ìyá ọmọ sọ pé ibà ti mú ọmọ òun, ibà yẹn ti wọlé tipẹ́.

Ibi tó dáa jù láti dá kòkòrò yìí dúró ni ojú ọ̀nà, kó tó wọ ẹ̀dọ̀, ìgbà tó ṣì kéré níye. Prótíìnì kan ló wọ̀ láṣọ nígbà yẹn, CSP ni wọ́n ń pè é, bó ṣe rí sì rọrùn láti dá mọ̀, torí àárín ẹ̀ jẹ́ àwọn amino acid (àwọn ègé kéékèèké tí wọ́n fi ń to prótíìnì) mẹ́rin kan náà tí wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn léraléra, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ kan náà sín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Iléeṣẹ́ GSK àti ilé ìwádìí àwọn sójà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Walter Reed ló pawọ́ pọ̀ ṣe RTS,S ní 1987. Wọ́n mú apá kan nínú CSP, wọ́n so ó mọ́ prótíìnì ara kòkòrò hepatitis B, torí tọ̀hún mọ bó ṣe ń kó ara ẹ̀ jọ di bọ́ọ̀lù tíntìntín. Yíìsì ni wọ́n fi jíìnì ẹ̀ sí nínú, yíìsì ló ń bá wọn ṣe é. Àwọn Oxford tó ṣe R21 náà ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà, àmọ́ nínú RTS,S, bọ́ọ̀lù yẹn ní ọ̀pọ̀ prótíìnì hepatitis B tí wọn ò so nǹkan kan mọ́, nínú R21 gbogbo ẹ̀ ló ní CSP lára, torí ẹ̀ ni CSP fi pọ̀ lójú ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹnikẹ́ni lè rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ẹ fún ara lóhun tó jọ kòkòrò, kí ara kọ́ bó ṣe máa mọ̀ ọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gún prótíìnì tó mọ́ tónítóní báyẹn sínú ẹran ara, ara á kàn máa wò ó ni. Ara ń rí oríṣiríṣi prótíìnì lójoojúmọ́, látinú ẹ̀wà, látinú ẹja, látinú eruku, tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń bá jà kò ní ráàyè ṣe nǹkan míì. Ohun tó ń dúró dè ni àmì pé wàhálà wà ńlẹ̀, pé nǹkan ń bàjẹ́ níbì kan. Nǹkan tí wọ́n ń pò mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára kó lè pariwo yẹn ni wọ́n ń pè ní adjuvant. Èyí tó ti pẹ́ jù ni iyọ̀ alumíníọ̀mù, ìbátan álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jù sínú omi kànga kí ìdọ̀tí lè silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, àwọn ará London ti ń fi álọ́ọ̀mù dán abẹ́rẹ́ wò láti 1926.

Àmọ́ álọ́ọ̀mù ò ká ibà, ẹ̀rí tó dájú sì wà fún ìyẹn. Wọ́n ṣe ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tí èsì ẹ̀ jáde ní 1997. Àwọn àgbàlagbà tó yọ̀ǹda ara wọn gba RTS,S, prótíìnì kan náà ni gbogbo wọn gbà, adjuvant ló yàtọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn tó ní ibà jẹ wọ́n (wọ́n ní oògùn ibà nílẹ̀ dè wọ́n o, ẹ má bẹ̀rù). Àwọn mẹ́fà tí ò gba abẹ́rẹ́ rárá, ibà mú gbogbo wọn. Nínú àwọn mẹ́jọ tí tiwọn ní álọ́ọ̀mù, ibà mú méje. Nínú àwọn méje tí wọ́n fi epo àti omi pò tiwọn, ibà mú márùn-ún. Nínú àwọn méje tó kù, tí tiwọn ní saponin èèpo igi yẹn, ẹnì kan ṣoṣo nibà mú. Prótíìnì kan náà o! Ẹni tó bá ń sọ pé adjuvant jẹ́ ìgbàládùn lásán, kó lọ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Kódà nínú R21 tí wọ́n ń gún fún ọmọdé báyìí, máíkírógíráàmù 5 ni prótíìnì, máíkírógíráàmù 50 sì ni adjuvant, ariwo fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ọ̀rọ̀ lọ.

Bí saponin ṣe ń pariwo ni kẹ́mísírì ti wọ̀ ọ́. Apá kan lára ẹ̀ fẹ́ràn ọ̀rá, apá kejì jẹ́ ṣúgà tó tò léra, ìyẹn sì fẹ́ràn omi. Ọṣẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di epo ara abọ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì di omi mú, ni epo bá bá omi lọ. Ṣùgbọ́n saponin tún ní ìfẹ́ kan tó le sí kọlẹ́sítẹ́róòlù, kọlẹ́sítẹ́róòlù sì wà lára awọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì èèyàn. Tí ẹ bá kán saponin lásán sínú ẹ̀jẹ̀ nínú túùbù, á dá àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa lu, ẹ̀jẹ̀ tó ki tẹ́lẹ̀ á mọ́ gaara bíi sobo. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lè bu omi èèpo igi kí wọ́n gún un fún ọmọ. Màlúù ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún: ní 1974 ọ̀gbẹ́ni Kristian Dalsgaard ní Denmark fọ̀ ọ́ mọ́ díẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ẹran, ó sọ ọ́ ní Quil A, ṣùgbọ́n ó ṣì gbóná jù fún èèyàn. Ní 1991 ni Charlotte Kensil àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà wá fi ẹ̀rọ ya àwọn saponin inú ẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí oríṣiríṣi ló wà nínú èèpo kan. Èyí tó jáde ṣe ìkọkànlélógún ló ń jí ara dáadáa tí ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣèpalára, ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní QS-21 nìyẹn, kò sí àwàdà kankan nínú orúkọ ọ̀hún.

Síbẹ̀ QS-21 ṣì lè bẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dùn mọ́ èèyàn nínú: ṣebí kọlẹ́sítẹ́róòlù ló ń wá, wọ́n wá fún un ní kọlẹ́sítẹ́róòlù kó tó kúrò nínú ìgò. Ẹni tó ti jẹun yó nílé kì í já wọ ilé onílé wá oúnjẹ. Ti RTS,S, inú bọ́ọ̀lù ọ̀rá kéékèèké ni wọ́n tọ́jú QS-21 sí, pẹ̀lú ohun míì tí wọ́n yọ lára bakitéríà Salmonella tí wọ́n ti yọ májèlé ẹ̀ kúrò. Ti R21, Matrix-M ni wọ́n ń lò, iléeṣẹ́ Novavax ló ń ṣe é, saponin àti kọlẹ́sítẹ́róòlù àti ọ̀rá míì ló kóra jọ di nǹkan tó rí bí àgò adìyẹ, ihò ihò lára, ó sì kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i láéláé.

Tí nọ́ọ̀sì bá ti gún un sí itan ọmọ, kì í pẹ́ tó fi dé àwọn kókó kéékèèké tó wà níbi tí itan ti pàdé ara. Inú kókó yẹn ni àgọ́ àwọn ọmọ ogun ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á gbé saponin àti prótíìnì mì, saponin á bẹ̀rẹ̀ sí í da àpò tí wọ́n fi gbé e mì rú, ìyẹn gan-an ni àmì wàhálà tí ara ń dúró dè. Ariwo á ta, àwọn sẹ́ẹ̀lì míì á rọ́ wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi CSP han ara wọn. Láti ibẹ̀ ni ìdíje á ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì B, àwọn tó ń ṣe antibody, ohun ìjà tí ara fi ń di kòkòrò mú. Èyí tó bá di CSP mú dáadáa ni wọ́n máa jẹ́ kó pín di púpọ̀, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ yọ̀ á kú. Ó jọ bí YouTube ṣe ń ṣe, fídíò táwọn èèyàn wò dópin ni wọ́n ń gbé síwájú èèyàn míì, èyí tí wọ́n fò kọjá á wọlẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì B tún máa ń yí ara ẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tó bá pín, torí náà àwọn tó gbẹ̀yìn máa ń di CSP mú ju àwọn tó ṣáájú lọ.

Antibody yẹn ló máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ dè kòkòrò tí ẹ̀fọn bá tu sílẹ̀. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ó máa ń dínkù, àkókò tó sì ní láti fi mú kòkòrò ò gùn, tí kòkòrò kan péré bá yọ́ dé ẹ̀dọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló máa jáde. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gún un lẹ́ẹ̀mẹrin, ní Nàìjíríà ó jẹ́ oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà, oṣù méje, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. NAFDAC ti fọwọ́ sí R21 láti oṣù kẹrin 2023, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2024. Àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti ṣáájú, RTS,S ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún níbẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024. Nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n fi R21 ṣe lára ọmọ bí 4,800 ní Burkina Faso, Mali, Kenya àti Tanzania, ó dín ibà kù ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún kan níbi tí ibà ti máa ń pọ̀ lásìkò òjò nìkan, níbi tí ibà ti ń jà yíká ọdún ó jẹ́ 68. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ọmọ 75 nínú ọgọ́rùn-ún ò ní ní ibà láé o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé níbi tí àwọn ọmọ tí ò gbà á bá ti ṣàìsàn ibà nígbà ọgọ́rùn-ún, àwọn tó gbà á á ṣe é nígbà bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ igi. Igi yẹn ò pọ̀ níbòmíì bíi Chile, ó máa ń pẹ́ kó tó tó bó, QS-21 tó sì wà nínú èèpo ò tó nǹkan. Lóòótọ́, ìwọ̀nba ni abẹ́rẹ́ kan ń gbà, ti RTS,S jẹ́ máíkírógíráàmù 25, gíráàmù kan ṣoṣo á tó ọmọ 40,000 fún ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń dúró de abẹ́rẹ́ ibà ní Áfíríkà kì í ṣe kékeré, abẹ́rẹ́ míì náà sì ń du èèpo yìí, irú bíi ti ìlẹ̀ròrò tí wọ́n ń pè ní shingles, tí wọ́n ń gún fún àwọn àgbà lókè òkun. Àwọn oníkẹ́mísírì ti gbìyànjú láti tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú láàbù, ó ṣeé ṣe, àmọ́ ìgbésẹ̀ ẹ̀ pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó máa fi ṣòwò.

Ibi tí ìwádìí tuntun ti wọlé nìyẹn. Àwọn Anne Osbourn ní ilé ìwádìí John Innes Centre nílùú Norwich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ka jíìnì igi náà, wọ́n ń wá ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn prótíìnì òṣìṣẹ́ inú igi, tó ń ṣe QS-21 lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ṣọ́ alásè lẹ́yìn láti mọ nǹkan tó ń bù sí ọbẹ̀, wọ́n sì ń dán an wò nínú ewé tábà. Ní 2024, àwọn Jay Keasling ní Berkeley ní Amẹ́ríkà kó gbogbo ẹ̀ sínú yíìsì, ẹ̀yà yíìsì tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò gan-an: ẹ́ńsáìmù 38, láti ara ohun abẹ̀mí mẹ́fà. Wọ́n ń fún yíìsì ní ṣúgà jẹ, ó ń gbé QS-21 jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀, igi ò lè ṣe ìyẹn láàárín ọdún díẹ̀ pàápàá. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tíì bẹ̀rẹ̀ ijó: nǹkan tó ń jáde ò ju bíi máíkírógíráàmù 100 lọ nínú lítà kan, ìyẹn abẹ́rẹ́ RTS,S mẹ́rin látinú omi tó kún ike lítà kan.

Ohun tó jọ pé ó máa wúlò jù nínú iṣẹ́ Berkeley yẹn kì í tiẹ̀ ṣe ti iye tó ń jáde. Igi ò ṣeé bẹ̀ pé kó yí saponin ẹ̀ padà, yíìsì ṣeé bẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n fi òmíì rọ́pò, ohun tó jọ QS-21 àmọ́ tó yàtọ̀ díẹ̀ ló máa jáde, wọ́n sì ti ṣe irú ẹ̀ mélòó kan. Wọ́n á lè máa yẹ̀ ẹ́ wò báyìí pé ṣé ṣúgà tó wà lára ẹ̀ ló ń jí ara ni àbí ìrù ọ̀rá ẹ̀, èwo ló ń dá sẹ́ẹ̀lì lu, bóyá wọ́n á rí èyí tó máa pariwo tó nínú kókó yẹn, tí itan ọmọ ò sì ní wú tí ara ẹ̀ ò ní gbóná mọ́jú lẹ́yìn abẹ́rẹ́.