Àdàlù ẹ̀yà: bí ìrẹsì ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àrùn

Bí ẹ bá dárúkọ àdàlù fún àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, àgbàdo láàárín ẹ̀gẹ́ ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, tàbí ẹ̀gúsí tó ń fà láàárín ebè iṣu. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìrẹsì nìkan la ó gbìn, àmọ́ ẹ̀yà rẹ̀ méjì ni yóò wà lójú oko kan náà: ọ̀kan tí àrùn kì í tètè mú, àti ọ̀kan tí àrùn ń tètè mú ṣùgbọ́n tí ọjà fẹ́ràn.

Blast ni àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pe àrùn náà. Ìbátan olú ló ń fà á, ojú lásán kò sì lè rí kóró rẹ̀. Ewé á kọ́kọ́ ní àpá tó fẹ̀ láàárín, tó ṣóńṣó lókè àti nísàlẹ̀, tí àárín rẹ̀ rí bí eérú. Èyí tó burú jù ni kó mú ọrùn ṣírì. Oúnjẹ kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ṣírì á funfun, kò sì ní sí ọmọ nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kóró àrùn yìí kiri, ewé tí ìrì tàbí òjò mú tutù ló sì ti ń rí ààyè hù.

Ẹ rántí agboolé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ koríko bẹẹrẹ la fi ń bo ilé. Bí iná bá sọ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìpẹ́pẹ́ iná á ta láti òrùlé kan sí èkejì títí gbogbo àdúgbò á fi jó. Ṣùgbọ́n bí ilé onípáànù mẹ́rin bá wà láàárín ilé oníkoríko méjì, orí páànù ni púpọ̀ nínú ìpẹ́pẹ́ yẹn máa bà lé, ibẹ̀ ló sì máa kú sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrẹsì tó lágbára ṣe ń gba kóró àrùn sára, tí kò ní jẹ́ kó dé ara èyí tí kò lágbára.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró àrùn tó bà lé ìrẹsì tí kò lè ràn máa ń ta ara ìrẹsì náà jí, bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣe ń ṣe fún ọmọ wa. Bí irú tó lè ràn án bá wá dé, á bá a lójúfò.

Agbègbè Yunnan ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti fi èyí ṣe oko ńlá: hẹ́kítà 812 ní 1998, hẹ́kítà 3,342 ní 1999. Youyong Zhu, onímọ̀ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Ìrẹsì kan wà níbẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ bó bá jinná. Owó rẹ̀ dára, àmọ́ blast ń dà á láàmú. Wọ́n wá ń gbin ìlà kan rẹ̀ sáàárín ìlà mẹ́rin-mẹ́rin ìrẹsì tó lágbára. Ìrẹsì tó ń lẹ̀ yìí ga ju èkejì lọ, nítorí náà orí rẹ̀ yọ síta, oòrùn àti atẹ́gùn ń ráyè gbẹ ìrì ara rẹ̀. Àrùn tó ń bá a fi ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ìgbà tó dá wà lóko, èso rẹ̀ sì fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Nígbà tí ọdún kejì fi máa parí, wọn kò fín oògùn blast mọ́. Ibẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí gbogbo wa la mọ iye tí oògùn oko ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ní àkùrọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣa ẹ̀yà. Bí àrùn bá ń tètè mú méjèèjì, ilé oníkoríko méjì náà ni wọ́n. Ẹ má da irúgbìn wọn pọ̀ sínú àpò kan. Ìlà-ìlà ni kí ẹ gbìn wọ́n, kí ẹ fi ọwọ́ kórè ìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá pàdé nínú ìkòkò oníbàárà, ọ̀kan á ti rọ̀ kí èkejì tó jinná, kò sì ní padà wá rà lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì tìtorí èyí gbin àgbàdo funfun mọ́ àgbàdo pupa. Ìrẹsì máa ń gba ara rẹ̀ lóyún ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ló ń gbé àtíkè òdòdó àgbàdo kiri, ọmọ funfun àti pupa lẹ máa bá lórí ṣúkù kan náà.