Ṣé Òòlù Lè Fa Ìmìtìtì Ilẹ̀ ní Èkó?

Fídíò kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn: àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ wáyà gígùn sórí pápá kan ní Erékùṣù Èkó, ọ̀kan nínú wọn sì ń fi òòlù ńlá lu irin pẹlẹbẹ lórí ilẹ̀. Àwọn kan ní ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n ń pè wá bá wa. Àwọn ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ nìyí.

Ṣé òòlù yẹn lè fa ìmìtìtì ilẹ̀?

Rárá. Ọkọ̀ àjàgbé tí ó bọ́ sí kòtò ń mi ilẹ̀ jù ú lọ.

Kí wá ni wọ́n ń wọ̀n?

Eré ìgbì kan ni, èyí tí ń mi ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ó ti ń lọ síwájú, bí okùn tí ọmọdé ń gbọ̀n. Ilẹ̀ tí ó le máa ń jẹ́ kí ó sáré, ilẹ̀ tí ó rọ̀ máa ń fà á sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀rọ kékeré tí a so mọ́ wáyà náà ń gbọ́ bí ìró òòlù ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ wọn, àti nítorí pé ìgbì gígùn máa ń wọ ilẹ̀ jìn ju ìgbì kúkúrú lọ, kọ̀ǹpútà lè fi eré wọn wéra, kí ó sì ṣírò bí ilẹ̀ ṣe le tó ní ìpele-ìpele, títí dé nǹkan bí mítà 30, láìgbẹ́ kòtò kankan.

Kí ló kan Èkó níbẹ̀?

Lóòótọ́, ibi tí a wà kò rí bíi Japan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ó mì ní Mpape ní Àbújá ní 2018, Accra tí ó mì ní 1939, tí ó sì pa èèyàn, kò ju nǹkan bí kìlómítà 400 sí Èkó lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ibi tí ó jìnnà kò lè ṣe wá ní nǹkan, kí ó rántí Mẹ́síkò ní 1985: etí òkun ni ilẹ̀ ti là, ó ju kìlómítà 300 lọ sí olú-ìlú wọn, síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kú ní ìlú náà, nítorí pé orí amọ̀ adágún àtijọ́ ni wọ́n kọ́ àárín rẹ̀ sí. Ẹ wo ìgbì òkun ní Tarkwa Bay: bí ó bá dé ibi tí omi kò jìn mọ́, eré rẹ̀ a dín kù, orí rẹ̀ a sì ga sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìmìtìtì náà rí, bí ó bá ti inú àpáta bọ́ sínú ilẹ̀ rírọ̀. Yanrìn, amọ̀ àti ẹrẹ̀ ni ó sì pọ̀ lábẹ́ Erékùṣù Èkó àti Lẹ́kí.

Iye wo ni ó ń fi hàn pé ilẹ̀ rọ̀?

Ìlànà kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ní Amẹ́ríkà fi í sí ibi tí eré ìgbì náà kò bá tó mítà 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ju 760 lọ, àpáta ni.

Ariwo Èkó ńkọ́?

Ó ń dí òòlù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ó ń lo ìró ọkọ̀ dípò òòlù. Dánfó wúlò ju bí a ti rò lọ.

Ṣé kí n kó jáde bí ilẹ̀ àdúgbò mi bá rọ̀?

Rárá. Iye náà kò sọ pé ìmìtìtì ń bọ̀. Ó ń sọ fún ẹnjiníà bí ilé yóò ṣe mì tó bí ó bá dé. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé ni kí ó béèrè àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ó tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ní ti ẹni tí òpó ilé rẹ̀ ti ń sán, kí ó pe ẹnjiníà lónìí, nítorí ilé Èkó kì í dúró de ìmìtìtì kí ó tó wó.

Wọ́n fẹ́ lo àgbàlá wa. Ṣé kí á gbà?

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sáré kiri, nítorí ẹsẹ̀ wọn ni ẹ̀rọ náà yóò máa gbọ́.