Lẹ́tà ẹlẹ́sẹ̀ aláràbarà: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ "sẹ́ríìfù" tí wọ́n ń pe ilà kékeré tó máa ń wà ní ìparí ilà lẹ́tà yìí ti sú mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí tí wọ́n yà fún lẹ́tà, lédè wa á kàn jù ú síbẹ̀, á máa bá tiẹ̀ lọ, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan tún wá gbé "lẹ́tà oníìrù" dé. Ìrù báwo? Ìrù ni èyí tó wà nídìí Q, tẹ́ ẹ bá gé e kúrò, O ló kù. Nǹkan tí à ń sọ yìí wà níbi gbogbo tí ilà lẹ́tà bá ti parí, tẹ́ ẹ bá sì gé e kúrò, lẹ́tà ò yí padà. Ẹlẹ́sẹ̀ lèmi ń pè é, mi ò ní yí i. Àwọn Jámánì gan-an máa ń pè é ní ẹsẹ̀ kéékèèké, àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ tó gbọ́ Faransé náà mọ̀ pé orúkọ ìpìlẹ̀ ògiri tó fẹ̀ ju ògiri fúnra ẹ̀ lọ ni wọ́n fún un. Ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ kì í wà lókè, kó lọ wo I gàdàgbà ojú ìwé, kó dorí ẹ̀ kodò, kó wá sọ èyí tó jẹ́ òkè fún mi.

Aláràbarà wá ni èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn dárà. Ẹ wo fọ́ǹtì Curlz MT tí Carl Crossgrove àti Steve Matteson yà fún ilé iṣẹ́ fọ́ǹtì Monotype ní 1995, tó máa ń bá Microsoft Office wọlé: ìdí ilà kan á ká kò, òmíràn á ṣe ṣóńṣó. Ṣaworo etí ìyá ìlù gẹ́lẹ́ ni, awọ ló ń sọ̀rọ̀, ṣaworo ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ ẹ ti mọ̀ pé àríyá dé; tó bá wá bo ohùn ìlù mọ́lẹ̀, ta ló máa gbọ́ oríkì? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àkọlé ńlá ló wà fún, tẹ́ ẹ bá fi ìwọ̀n 11 tẹ lẹ́tà olójú ewé méjì, gbogbo ibi tó ká yẹn á dí pa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé Curlz ò ní ẹ, ọ àti ṣ. Kọ̀ǹpútà á yá wọn lọ́wọ́ fọ́ǹtì míì láì sọ fún yín. Ẹ tẹ "Ọṣẹ dúdú" wò: dúdú á máa jó, ọṣẹ á dúró gbagidi, torí kò sí ẹyọ lẹ́tà Curlz kan nínú ẹ̀. Àwọn oníkáàdì wá ń yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò kó lè dọ́gba, orúkọ ìyàwó á sì di orúkọ ẹlòmíì lórí káàdì ìgbéyàwó ẹ̀, èyí ò dáa rárá. Ẹ fọwọ́ ara yín ya àmì yẹn sábẹ́ lẹ́tà, tàbí kẹ́ ẹ wá aláràbarà míì tó ní in, ẹ sáà kọ́kọ́ tẹ "ọṣẹ" wò kẹ́ ẹ tó gbowó oníbàárà.