Bí A Ṣe Ń Wọn Agbára Afẹ́fẹ́ fún Gọ́ọ̀nù Ọ̀dà

Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) bọ̀ sínú gọ́ọ̀nù tí a fi ń fọ́n ọ̀dà ni ó ń fọ́ ọ̀dà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó balẹ̀ sára ọkọ̀. Bí agbára afẹ́fẹ́ náà bá kéré jù, ẹ̀kán ọ̀dà yóò tóbi, kò ní tẹ́ dáadáa kí ó tó gbẹ, ojú rẹ̀ yóò sì rí kókòkókó bí èèpo ọsàn. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀dà yóò ti máa gbẹ lójú ọ̀nà, yóò balẹ̀ bí eruku, èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì bá atẹ́gùn lọ. Owó ni ó ń ṣòfò yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ iṣẹ́ tí kò lo ìbòmú ni díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ń wọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni géèjì, ohun tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́. Géèjì ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lè wà lórí 40 psi (psi ni ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára afẹ́fẹ́) nígbà tí gọ́ọ̀nù kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ti fa tírígà, tí afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, èyí tí ó dé ìdí gọ́ọ̀nù, níbi tí rọ́bà ti wọ̀ ọ́, lè dín gan-an, nítorí pé rọ́bà tí ó gùn, tí inú rẹ̀ sì há, máa ń jẹ nínú agbára náà. Nítorí náà, ìdí gọ́ọ̀nù gan-an ni ó yẹ kí a de géèjì kékeré mọ́, kí a fa tírígà dé òpin, kí a sì máa yí rẹgulétọ̀ (ohun tí a fi ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù tàbí fi kún un) nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì ń jáde. Iye tí a kà láìfa tírígà kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀nù HVLP, èyí tí ń lo afẹ́fẹ́ púpọ̀ ní agbára kékeré, ń fẹ́ nǹkan bí 25 sí 30 psi ní ìdí wọn. Gọ́ọ̀nù àtijọ́ tí agolo rẹ̀ wà nísàlẹ̀ sábà máa ń fẹ́ 40 sí 50. Ìwé tí ó bá gọ́ọ̀nù wá ni kí a kọ́kọ́ tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn èyí, a ó lẹ páálí mọ́ ògiri, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí agbára tí ó kéré, a ó sì máa fi psi 5 kún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó máa fọ́n ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ sí i láti nǹkan bí íńṣì 6 sí 8. Bí ọ̀dà bá kójọ sí àárín, afẹ́fẹ́ kò tó, tàbí kí ọ̀dà ki jù. Bí ó bá pín sí orí àti ìdí tí àárín sì ṣófo, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù, tàbí kí tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà kí ó má baà ki, ti pọ̀ jù. Iye tí ó kéré jù lọ tí etí àti àárín fi rí bákan náà ni ó tọ́.

Ní Ìlọrin, níbi tí ọ̀pọ̀ sípíréyà ti ń ṣiṣẹ́ ní gbangba, ojú ọjọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ọ̀dà máa ń tètè gbẹ. Tínà tí kì í tètè fẹ́ lọ ni a fi ń tọ́jú ìyẹn, kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí a fi kún un. Nígbà òjò, omi máa ń kóra jọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ó sì yẹ kí a máa ṣí i dànù ní àràárọ̀, torí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó láti ba bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́. Bí géèjì bá sì ń wálẹ̀ nígbà tí a kò tíì kun ilẹ̀kùn kan tán, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ náà ni ó kéré, yíyí rẹgulétọ̀ sókè kò sì lè tún un ṣe.