Òǹkà máìlì kékeré kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ̀ kò tíì rìn

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní Èkó àti lẹ́yìn odi ń múra Ọjúde Ọba, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rírà a máa gba ẹnu tọmọdé tàgbà láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun wọ̀lú fún ọdún náà, tókúnbọ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí à ń pè ní tuntun yìí. Ohun tó ń bí mi nínú ni gbólóhùn kan tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń rà á àti àwọn tó ń tà á: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo máìlì rẹ̀, ọkọ̀ yìí kò tíì rìn rárá.” Nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń ka iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, ẹni tó ti fi ọdún mẹ́ta tọ́jú owó yóò kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní béèrè ohun mìíràn mọ́.

N kò ní sọ púpọ̀ lórí pé kí a mú mẹkáníìkì dání, kí a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì, kí a dán gíà wò, kí a má sì wo ọkọ̀ ní òru. Kò sí ẹni tí kò mọ ìyẹn. Òǹkà máìlì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí pé bí a bá bá àwọn ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fọ̀: pé ti ayé àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri ni àwọn oníjìbìtì ń dá padà, pé ti òde òní jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Nínú òǹkà àtijọ́, àgbá kéékèèké tó ní eyín ni àwọn nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà ní láti tú dáṣíbọ́ọ̀dù, àwọn nọ́ńbà náà sì lè ṣaláìtò gún mọ́, tí ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó yóò fi mọ̀ pé ọwọ́ ti kàn án. Ní ti òde òní, inú ṣíìpù kékeré kan lẹ́yìn ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ni iye náà wà. Lábẹ́ stíárìn gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ni ihò kan wà tí àwọn rewáyà ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀; lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀rọ mìíràn lè gba ibẹ̀ wọlé kí ó sì kọ iye tó bá wù ú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, wọn a yọ ṣíìpù náà jáde, tàbí kí wọ́n yọ gbogbo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tó ti forí sọlẹ̀ kí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà náà kò ní wọ́, kò sì ní fi àmì kankan hàn. Òfin Amẹ́ríkà ti ka ìwà yìí sí ẹ̀ṣẹ̀ láti ọdún 1972, síbẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú òǹkà èké. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí òfin ti ń ṣọ́ wọn, kí ni a rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gba orí omi kọjá?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní Corolla ọdún 2012 kan dé lọ́dún 2024, tí òǹkà rẹ̀ wà ní 42,000 máìlì. Bí a bá pín in sí ọdún 12, ó rin 3,500 máìlì lọ́dún, èyí tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 15 lójúmọ́. Awakọ̀ Amẹ́ríkà a máa rìn ju 10,000 máìlì lọ lọ́dún, nítorí pé ibi iṣẹ́ àti ọjà jìnnà sí ilé wọn. Ọkọ̀ náà lè jẹ́ ti arúgbó tí kì í jáde, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó náà kò lè pọ̀ tó bí àwọn tó ń ta ọkọ̀ ṣe ń kà wọ́n.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbọ́ rí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ta ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ iye máìlì rẹ̀ sínú ìwé nígbà tó bá ń fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ọdún 2011 sókè, 20 ọdún ni dandan yìí fi wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ ọdún 2010 sísàlẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Nítorí náà, àwọn Camry tí à ń pè ní Big Daddy àti púpọ̀ nínú èyí tí à ń pè ní Muscle tó kún ìgboro wa, ẹni tó kó wọn wá lè máà ní ìwé kankan tó jẹ́rìí sí máìlì wọn láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Nọ́ńbà ṣáásí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Àmì 17 ni, kò sì ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rárá. Ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá òsì, ó tún wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún rẹ̀: A ni 2010, C ni 2012. Bí wọ́n bá ní 2010 ni ọkọ̀, tí àmì kẹwàá jẹ́ 8, ọkọ̀ ọdún 2008 tí wọ́n pààrọ̀ ojú fún ni. Nọ́ńbà yìí náà ni a fi ń ra ìtàn ọkọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti lè rí i pé Corolla tí a fi ṣe ìṣirò yẹn ti rin 118,000 máìlì lọ́dún 2019. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò kọjá etí òkun Amẹ́ríkà, ìjàm̀bá tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ sílẹ̀ kò lè sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a wo rọ́bà orí bíréèkì. Lára ọkọ̀ tó bá rin 42,000 máìlì lóòótọ́, ó yẹ kí ilà orí rọ́bà náà ṣì hàn ketekete. Bí ó bá ti dán, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún ti jẹ síwájú ju ti òsì lọ, ẹsẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá sì jẹ́ tuntun nínú ọkọ̀ tó ti gbó, kí a béèrè ìdí tí wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀. Kí a wo awọ stíárìn níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, àti ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀ níbi tí ara ti ń fà á bí ènìyàn bá ń wọlé.

N kò sọ pé gbogbo máìlì kékeré ni irọ́. Òmíràn wà tó jẹ́ òótọ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dára, nítorí pé ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan pẹ́, rọ́bà inú rẹ̀ á gbẹ, taya rẹ̀ á sì gbó láìrìn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára taya ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2217 ni ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2017. Lójú tèmi, ọkọ̀ tó rin 120,000 máìlì, tí ìwé ìtọ́jú rẹ̀ pé, ṣeé ṣe kí ó sàn ju èyí tó ń sọ 40,000 láìsí ẹlẹ́rìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ìgbà gbogbo.

Kí àwọn tí wọ́n ń dọ́gbọ́n ra ọkọ̀ Kútọnu nítorí owó tó wálẹ̀ tún ṣọ́ra. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Àwọn aṣọ́bodè lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó rà á ni yóò sì pàdánù owó rẹ̀. Kí a tó san èyí tó kù nínú owó, kí a fi ìwé aṣọ́bodè sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà ṣáásí, kí a sì ka àmì mẹ́tàdínlógún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, kí owó má kúrò lápò.